Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Fi Ọnà Jẹun, àti Ọjọ́ Tí Yóò Dúró Níwájú Àwọn Adánniwò

Kò sí òbí kan nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròhìn yìí tí kò lè mọ bí ó ti ń rí, nígbà tí ọmọ tí a fi òógùn ojú rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá padà wálé tí ó sì wí pé, “Baba mi, iṣẹ́ àwòrán ni mo fẹ́ fi wá oúnjẹ òòjọ́ mi.” Baba yóò dákẹ́, ìyá yóò wo ojú baba. Ohun tí wọ́n ti ní lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́ ni pé ọmọ náà yóò di agbẹjọ́rò, tàbí oníṣègùn, tàbí olùkọ́ àgbà. Lójú wọn, eré ọmọdé ni àwòrán í ṣe, ohun tí a ń fi èédú yà sí ara ògiri tí a sì ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ ní pàṣán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé wa yíká. Ta ni ó pinnu irú àwọ̀ tí yóò wà lára agolo mílíìkì tí ó wà lórí tábìlì? Ta ni ó to lẹ́tà ìwé orin wa tí ojú arúgbó fi lè kà á? Àmì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, tí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀wé fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí báǹkì kejì, àti àwọn àwòrán kéékèèké tí a ń tẹ̀ lójú fóònù nígbà tí a bá ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ ní Ìbàdàn, gbogbo wọn ni ẹnìkan jókòó tì, tí ó rò, tí ó yà, tí ó pa rẹ́, tí ó sì tún yà. Àwọn iléeṣẹ́ wà ní Èkó àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju èyí lọ. Oníṣòwò yóò mú àìní rẹ̀ tọ̀ wọ́n wá. Wọn yóò fi àwòrán, àwọ̀, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ dá a lóhùn. Wọn yóò sì gba owó iṣẹ́ wọn. Iléeṣẹ́ ọnà ni àwa yóò máa pè wọ́n.

Ọ̀nà àtiwọ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dàbí ọ̀nà àtiwọ iṣẹ́ ìjọba. Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. A ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà pé kí ó wá ní ọjọ́ báyìí, kí ó sì mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dání. Yóò jókòó níwájú ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Wọn yóò wo iṣẹ́ náà, wọn yóò sì bi í léèrè. Kí wákàtí kan tó kọjá, wọ́n ti mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ni ó ń kùnà ní ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́. Nítorí wọn ni a ṣe ń kọ̀wé yìí. Bí a bá ní kí a sọ gbogbo rẹ̀ ní gbólóhùn kan, òun nìyí: iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń mú ọmọ dé iwájú adánniwò, ṣùgbọ́n ẹ̀rí òtítọ́ tí ó bá jẹ́ nípa iṣẹ́ náà ni ó ń mú un wọlé.

Àwọn òbí ni a fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí 31, a kà nípa Besaleli ọmọ Uri, ti ẹ̀yà Juda. Kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe wòlíì, oníṣẹ́-ọnà ni. Síbẹ̀ a sọ fún wa pé Ẹ̀mí Ọlọ́run kún inú rẹ̀ fún iṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, fún gígé òkúta àti fífín igi. Bí Ọlọ́run kò bá ka ọnà sí eré ọmọdé, kí ni ó dé tí àwa yóò fi kà á sí bẹ́ẹ̀? Bí òbí bá sì fẹ́ ẹ̀rí tí ó sún mọ́ ilé, kí ó rántí Àìná Ọnàbólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà kí ó tó lọ sí London ní 1920 láti kọ́ ọ sí i, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa lónìí, ọ̀nà tí irú wọn là ni ó ń tọ̀.

Ǹjẹ́, kí ọmọ náà gbọ́. Ohun èkíní ni pé kí ó mọ ilé tí ó ń lọ kí ó tó lọ. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lára ògiri yàrá àlejò ní ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́, Leonardo da Vinci ni ó yà á ní ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì, láàrín nǹkan bí 1495 sí 1498. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń wò ó ni ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí pàápàá kọ̀wé tọrọ iṣẹ́. Ní nǹkan bí 1482 ni ó kọ ọ́ sí Ludovico Sforza tí ń ṣe àkóso Milan. Ó ka ohun mẹ́wàá sílẹ̀ tí òun lè ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ni afárá fífúyẹ́ tí ó lágbára, tí àwọn ọmọ-ogun lè gbé kiri. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sọ nípa ohun ìjà, nípa ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, àti nípa kẹ̀kẹ́ ogun tí a fi nǹkan bò. Ìgbà tí ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni ó tó wí pé, ní àkókò àlàáfíà, òun lè kọ́ ilé, òun lè gbẹ́ ère, òun sì lè yàwòrán. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé àwòrán ni òun mọ̀ jù. Ó mọ̀ pé ogun ni ó wà lọ́kàn ẹni tí òun ń kọ̀wé sí. Ó lọ sí Milan, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1499.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ọmọ wa ṣe. Kí ó wádìí irú oníbàárà tí iléeṣẹ́ náà ní. Kí ó wo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, kí ó sì mọ èyí tí òun fẹ́ràn nínú rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí ń ya ara páálí àti ọ̀rá oúnjẹ kò ní fi ọ̀pọ̀ àkókò wo àwòrán ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín, bí ó ti wù kí ó dára tó. Ẹni tí ó bá dé iwájú wọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ti sọ fún wọn, kí ó tó la ẹnu, pé iṣẹ́ èyíkéyìí ni òun ń wá, kì í ṣe tiwọn.

Ohun èkejì ni àkójọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pọtifólíò. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ kó gbogbo ohun tí ó ti yà láti ìgbà èwe rẹ̀ wá. Ìyá tí ń ta aṣọ kì í kó gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ lé ìyàwó lórí. Ó ń yan èyí tí ó bá a mu. Iṣẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí ó yè kooro sàn ju ọgbọ̀n lọ, nítorí pé èyí tí kò dára nínú wọn ni adánniwò yóò rántí. Kí ó fi èyí tí ó lágbára ṣáájú, kí ó sì fi èyí tí ó lágbára kásẹ̀ rẹ̀.

Kí ó má sì ṣe kó àṣeparí nìkan lọ. Àwọn òwe wa wí pé alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Adánniwò fẹ́ rí ojú tí a ti ń lu irin náà. Kí ọmọ mú àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ yàwòrán sí dání, àní àwọn tí ó ti gé kúrò, kí a lè rí bí ọkàn rẹ̀ ti rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ó ti dáhùn nínú ara rẹ̀ kí a tó bi í: Ta ni ó nílò iṣẹ́ yìí? Kí ni ìṣòro ẹni náà? Kí ni mo ṣe, èéṣe tí mo sì fi ṣe é báyìí? Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde?

Nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkẹta ni ó máa ń gbé wọn ṣubú. A bi ọmọ pé, “Èéṣe tí o fi lo àwọ̀ pupa níhìn-ín?” Ó dáhùn pé, “Mo kàn rí i pé ó dára ni.” Èyí kò tó. Àwọn ìyá wa tí ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ kò mọ ọ̀nà iléeṣẹ́ ọnà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdí ohun tí wọ́n ń yà. Ẹ wo àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn: òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí òpó wọ̀nyí lára aṣọ tí kò ní mọ ìlú tí a ń kì, bí kò tilẹ̀ lè ka lẹ́tà kan. Ìdí nìyẹn. Ọmọ tí ó bá lè sọ ìdí òpó tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí kò ju méjì mẹ́ta lọ ti yàtọ̀ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kàn mọ àwòrán yà.

Ohun ẹ̀kẹta, èyí tí a kà sí pàtàkì jùlọ, ni òtítọ́. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ọnà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ro èrò rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó to lẹ́tà. Nígbà tí ọmọ bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn, kí ó wí gbangba pé, “Àwa mẹ́rin ni a ṣe é, apá tèmi nìyí.” Kò sí ohun tí ó bù ú kù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀ ni ó wà nínú ewu, nítorí pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ara wọn, fóònù kan ṣoṣo sì tó láti tú àṣírí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ní àkókò wa yìí, ìdánwò mìíràn tún ti dé. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá wà tí a lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí, tí yóò sì gbé odindi àwòrán jáde kí a tó ṣẹ́jú. Irinṣẹ́ ni ẹ̀rọ náà. A kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a lò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kí a gbé ohun tí ẹ̀rọ ṣe síwájú ènìyàn kí a sì wí pé ọwọ́ wa ni ó ṣe é. Adánniwò ọlọ́gbọ́n yóò rọra wí pé, “Jókòó síhìn-ín, bá wa yí apá kan rẹ̀ padà.” Ní wákàtí náà, ohun tí kò ti inú ẹni jáde kì í gbọ́ràn sí ẹni lẹ́nu. Bákan náà, kí ọmọ má ṣe fi iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ hàn bí iṣẹ́ náà kò bá tíì di ohun tí gbogbo ayé rí. Ẹni tí ó tú àṣírí ilé àná lójú wa, yóò tú tiwa lọ́la.

Ohun ẹ̀kẹrin ni gbígba ìbáwí. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra àtigba òmìnira, a kéde pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ṣe é fi àpẹẹrẹ àsíá orílẹ̀-èdè ránṣẹ́. Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Ìbàdàn tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London nígbà náà, fi tirẹ̀ ránṣẹ́: àwọ̀ ewé ní apá ọ̀tún àti apá òsì fún ọrọ̀ ilẹ̀ wa, funfun láàrín fún àlàáfíà, àti oòrùn pupa tí ń ràn nínú funfun náà. Ní 1959 àwọn onídàájọ́ yan iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ oòrùn náà kúrò. A fún un ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October, 1960, a fa àsíá náà sókè láìsí oòrùn, ó sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é ti sùn nínú Olúwa ní 2023.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe ọnà ni ó ní oòrùn tirẹ̀, apá ibi tí ó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni adánniwò yóò fi ọwọ́ kàn, nígbà mìíràn kí ó lè mọ irú ènìyàn tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Bí ó bá wí pé, “Bí a bá yọ eléyìí ńkọ́?” kí ọmọ má ṣe bínú, kí ó má sì ṣe yára wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Kí ó béèrè ohun tí adánniwò rí. Kí ó rò ó. Bí òótọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ó jẹ́wọ́. Bí kò bá sí, kí ó fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ìdí tí oòrùn náà fi yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti ń di ìdènà fún àwọn ọmọ wa, bí a kò bá ṣọ́ra. A ti kọ́ wọn pé ọmọ kì í wo àgbà lójú, pé kì í já àgbà níyàn. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tẹ orí mọ́lẹ̀ níwájú adánniwò, tí ó ń kùn lábẹ́ ahọ́n, a ó kà á sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ṣe. Ọ̀wọ̀ kò ní kí ẹnu dí. Kí ó kí wọn bí ọmọ tí a kọ́, kí ó jókòó dáadáa, kí ó wo ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, kí ó sì sọ tirẹ̀ ketekete. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ìrànlọ́wọ́ tí àwọn òbí lè ṣe rèé, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀: ní alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, kí ọmọ náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ìyá-ìyá rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Bí ìyá àgbà bá lóye rẹ̀, adánniwò yóò lóye rẹ̀.

Ohun ẹ̀karùn-ún kan owó àti ìṣọ́ra. Iléeṣẹ́ mìíràn a máa fún ọmọ ní iṣẹ́ ìdánwò láti ṣe wá láti ilé. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, lórí ọjà tí a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó ṣe odindi iṣẹ́ fún oníbàárà tí ó wà láàyè, láìsan owó, kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ṣé ẹ ó lo iṣẹ́ yìí? Bí ẹ bá lò ó, kí ni ẹ ó san?” AIGA, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní Amẹ́ríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1914, ti pẹ́ tí ó ti ń kìlọ̀ nípa irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní 1971, Carolyn Davidson, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ya àmì tí a ń rí lára bàtà Nike títí di òní, ó sì gba dọ́là 35. Ní 1983 àwọn oníléeṣẹ́ náà rántí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìpín nínú okòwò wọn. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni ó ń rántí. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé ṣáájú ni kí ọmọ gbẹ́kẹ̀ lé. Òfin ti 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà pẹ̀lú ti òǹkọ̀wé. Nítorí náà kí ó máa kọ ọjọ́ sí ara gbogbo àwòrán rẹ̀, kí ó sì pa wọ́n mọ́.

Àwọn ọlọ́ṣà pẹ̀lú sì wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ọmọ san owó fọ́ọ̀mù, tàbí owó ẹ̀kọ́, tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí a tó dán an wò, kì í ṣe agbaniṣíṣẹ́. Ẹni tí ó bá pe ọmọbìnrin sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí sí ilé ara rẹ̀ ní alẹ́ nítorí iṣẹ́, kí a má ṣe dá a lóhùn. Kí ẹnìkan nínú ilé mọ ibi tí ọmọ lọ, àti wákàtí tí ó yẹ kí ó padà.

Ní ti ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè ṣe. Kí ó tètè jí. Kí ó tẹ àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú, nítorí pé iná mànàmáná lè lọ, kọ̀ǹpútà sì lè kọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ó ti bá a sọ̀rọ̀, kí ó kojú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i lójú, kí àwọn ará ilé sì bá a pa rédíò. Nígbà tí wọ́n bá sì bi í bóyá ó ní ìbéèrè, kí ó má ṣe wí pé kò sí. Kí ó béèrè ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní iṣẹ́, bí a ti í tún iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, wákàtí tí a ń ṣíwọ́, àti ọjọ́ tí a ń san owó oṣù. Òun náà ń dán wọn wò.

Bí wọn kò bá sì gbà á ńkọ́? Kí a má ṣe sáré wí pé ọ̀tá ilé baba ni ó wà nídìí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ààyè kan ṣoṣo ni ó wà, tí ogójì ènìyàn sì ń wá a. Kí ọmọ kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ó sì béèrè apá ibi tí iṣẹ́ òun ti kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ ni kò ní dáhùn. Ẹni tí ó bá dáhùn ti fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin òbí wa, a kò wí pé kí ẹ ti gbogbo ọmọ sí iṣẹ́ yìí. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìfẹ́ àwòrán ni ọmọ ní, tí kò ní sùúrù iṣẹ́ rẹ̀. Òbí tí ó mọ ọmọ rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè jókòó lásán, tí ó ń yà, tí ó ń pa rẹ́, tí ó sì tún ń yà nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ sí iwájú àwọn adánniwò pẹ̀lú ìtìjú ilé ní èjìká rẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un. Ẹ fún un ní owó ọkọ̀. Kí ó tó jáde, ẹ bi í pé, “Èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni o fẹ́ràn jù, èéṣe?” kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin.